Ìsàlẹ̀, Lápá Ọ̀tún

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi tó gbogbo ènìyàn létí pé ọkùnrin yìí kì í tẹ bọ́tìnnì kankan láìkọ́kọ́ fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n. Ìbáà jẹ́ bọ́tìnnì lífìtì, ìbáà jẹ́ ti agogo ẹnu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ: yóò na àtàǹpàkò ọ̀tún, yóò gbé e lé bọ́tìnnì náà pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, yóò di ojú òsì, yóò fi ti ọ̀tún wò ó, yóò mi orí. Ìgbà yẹn ni yóò tó tẹ̀ ẹ́. Bí ènìyàn mẹ́fà bá ń kánjú lẹ́yìn rẹ̀ nínú lífìtì, ìyẹn ò kàn án. Ọdún mẹ́rìnlá ni ìyàwó rẹ̀ fi bá a fa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó yá ó gba kámú, ó ní ọkọ ẹlòmíràn ń mutí.

Alátàǹpàkò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. A ò ní wá orúkọ mìíràn fún un, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti ń dáhùn sí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣe é ṣàlàyé fún ìyá ẹni. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe áàpù fún fóònù ni ó wà, ní àjà kẹrin ilé gíga kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Àwọn tó ń ṣe áàpù kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí erùpẹ̀. Àpò èlò kan wà tí àwọn àjèjì kan ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé síta pé kí ẹni tó bá wù máa mú níbẹ̀: bọ́tìnnì wà nínú rẹ̀, àpótí ìkọ̀wé wà nínú rẹ̀, kàlẹ́ńdà wà nínú rẹ̀, àti ohun róbótó kékeré kan tó máa ń yí bírí bírí láti fi bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ní sùúrù. Bí aṣọ tí a rán sílẹ̀ fún títà ni: ó gba gbogbo ènìyàn, kò bá ẹnikẹ́ni mu. Alátàǹpàkò ni ó ń tún un rán. Òun ló ń gé igun bọ́tìnnì, òun ló ń pa àwọ̀ dà, òun ló ń sún ọ̀rọ̀ sókè ní ìwọ̀n fọ́nrán irun kan, tí yóò sì fi odindi ọ̀sán ronú bóyá kí òun tún sún un sísàlẹ̀. Bí ó bá sì ti yí ìlà kan padà nínú àpò náà, gbogbo bọ́tìnnì inú áàpù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ilé iṣẹ́ náà ní yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọmọ ilé ìwé tó gbúròó ẹsẹ̀ olùkọ́.

Ìyá rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ti gbìyànjú láti lóye ọ̀rọ̀ náà nígbà kan.

"Ṣé ìwọ lo ṣe bọ́tìnnì yìí?" Ó na fóònù sí i.

"Rárá, Màámi. Wọ́n ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo tún un ṣe."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é."

Ìyá wò ó títí. "Wọ́n sì ń sanwó fún ọ lóṣooṣù."

Kò sí ẹni tí kò ní àléébù. Ti Alátàǹpàkò ni pé ó kórìíra ìlà. Bọ́tìnnì tó bá bá nínú àpò, yóò bọ́ etí rẹ̀, yóò bọ́ òjìji rẹ̀, títí yóò fi ku ọ̀rọ̀ nìkan lórí ojú fóònù, bí ẹni tí wọ́n jí gbogbo ẹrù rẹ̀ gbé. "Bọ́tìnnì tó ní ẹ̀kọ́ ilé kì í pariwo," ni ó máa ń wí. Èyí tó wù ú jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́tìnnì tí a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó sọ ọ́ di àmì tín-ín-rín kan, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, níbi tí ènìyàn kò ti ní rí i àfi bó bá kọ́kọ́ ti ojú ìwé sókè. Ó rẹwà. Kò sí ẹni tó tíì rí i.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bí nínú jù ni ọ̀gá àwọn tó ń kọ áàpù, tí wọ́n ń pè ní Bó-Ṣe-Wá, nítorí èrò rẹ̀ ni pé bí àwọn àjèjì ṣe gbé àpò wá ni kí a ṣe máa lò ó. "Ta ló rán wa níṣẹ́ àtúnṣe?" ni ó máa ń bi gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó ń nu ilẹ̀. Ẹni tí yóò dájọ́ láàrin àwọn méjèèjì ni ọ̀gá pátápátá, obìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìrí i. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, yóò ní, "Ẹ̀rí dà?" Nítorí náà Ẹ̀rí-Dà ni orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀, "Mà" ni.

Ẹ̀rí-Dà ti kọ òfin sílẹ̀. Kí àpò tí Alátàǹpàkò tún ṣe tó wọ inú iṣẹ́, ènìyàn mẹ́ta láti ìta yóò wá dán an wò, lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí áàpù tí wọ́n ṣe fún ilé ìwòsàn kan. Wọn yóò wá dókítà eyín, wọn yóò mú ọjọ́, wọn yóò ní ó parí, wọn yóò sì tún pa ọjọ́ náà dà. Bí wọ́n ti ń ṣe é, kí wọ́n máa sọ gbogbo ohun tó bá ń wá sí wọn lọ́kàn síta. Ẹnikẹ́ni nínú yàrá kò gbọ́dọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú, kò gbọ́dọ̀ wúkọ́ sí apá ibi tí bọ́tìnnì wà. Olùdánwò kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí òṣìṣẹ́ kankan. Bí ẹyọ ẹnì kan bá lè ṣe é parí, ó tó. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà, wọn yóò lo àpò bó ṣe wá, Alátàǹpàkò yóò sì padà sídìí fóònù àwọn oníbàárà níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbi tó ti lo ọdún mẹ́ta ní wíwí pé, "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn." Àga tó jókòó lé nígbà náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló kù lára rẹ̀.

Olùdánwò kìíní, awakọ̀ kan, wá bọ́tìnnì ìparí fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó wá béèrè bóyá ilé ìwòsàn náà ti kógbá sílé. Èkejì, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tẹ gbogbo ohun tó ṣe é tẹ̀ títí ó fi pa fóònù náà. Ó ku ẹnì kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kẹta, ọkàn Alátàǹpàkò kò sí lára rẹ̀. Ó ṣi bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dè, ó mu omi gbígbóná tán kó tó rántí pé òun kò fi tíì sí i, ó sì gbàgbé awò ojú rẹ̀ sójú fèrèsé ilé ìwẹ̀.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún olùdánwò. Mẹ́wàá lù, wọn ò rí ẹnì kankan. Mẹ́wàá ààbọ̀ lù. Àwọn mẹ́ta jókòó sínú yàrá onígíláàsì tó ń tutù bí inú fíríìjì, wọ́n ti pa fóònù wọn gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, Bó-Ṣe-Wá sì ń wo aago ara ògiri bí ẹni tó ń wo ẹran lórí iná.

"Ó jọ pé kò ní wá mọ́ o," ni ó wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Áà, ó mà ṣe o."

"A ó dúró di mọ́kànlá," ni Ẹ̀rí-Dà dáhùn. "Bó bá ti lu mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ parí."

Ní mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, akọ̀wé ẹnu ọ̀nà ṣí ilẹ̀kùn. "Ẹni tí ẹ ń retí ti dé o! Ẹ wọlé, Mà. Ẹ fara balẹ̀. Àga rèé."

Ẹni tó wọlé, ìyá Alátàǹpàkò ni.

Ó ti rí awò ojú náà, ó ti pe ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, fóònù kò wọlé, ló bá wọ ọkọ̀, ó gbé e bọ̀. Kó tó lè jẹ́ iṣẹ́ tó bá wá, akọ̀wé tó ti ń retí àjèjì láti àárọ̀ ti fi káàdì àlejò kọ́ ọ lọ́rùn, ó ti fún un ní omi tútù, ó ti dì í lápá mú. Ìyá rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fún ní omi tútù kì í béèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yìn Alátàǹpàkò ti ń tẹ̀ fúnra rẹ̀ láti kí ìyá rẹ̀. Ó dá a dúró lágbedeméjì, ó wá dà bí ẹni tí ìhà ń dùn.

"Ṣé ẹ mọ ara yín ni?" ni Bó-Ṣe-Wá bi í.

Ó wo aago. Ìṣẹ́jú méjì ló kù. Ó rí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn lọ́kàn rẹ̀, ó ń mì.

"Rárá o," ni ó wí.

Obìnrin tó wí rárá sí yìí, oṣù mẹ́sàn-án àti ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbé e sínú, kò sì tíì dárí ọ̀sẹ̀ méjì náà jì í. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, bí aránṣọ tó ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó rí ìlàágùn iwájú orí rẹ̀. Ó rí ẹ̀yìn tó tẹ̀ tí kò tíì nà tán. Ó wo ọ̀gá, ó wo Bó-Ṣe-Wá tó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tí ojú àgbà kò ní kà.

"Èmi náà ò rí i rí," ni ó wí. Ó jókòó. "Ó kàn jọ ẹnì kan tí kì í jẹun àárọ̀ ni."

Ẹ̀rí-Dà gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ó ṣàlàyé òfin. "Gbogbo ohun tó bá wá sí yín lọ́kàn, Mà, ẹ sọ ọ́ síta."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o." Ìyá gbé fóònù náà jìnnà sójú. "Ó dáa. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé yàrá yìí tutù jù. Èkejì ni pé ọ̀gbẹ́ni yẹn ṣi bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dè. Ìyá rẹ̀ ì bá wà níhìn-ín ni, ojú ì bá tì í."

Alátàǹpàkò wo àyà ara rẹ̀. Òótọ́ ni.

"Dókítà eyín. Dókítà eyín. Ọ̀rọ̀ lásán ni mo ń rí. Ta ló ṣe èyí? Bọ́tìnnì tí kò létí! Mo tọ́ ọmọ kan tó rí báyìí. Bó bá ti fẹ́ kí o mọ nǹkan, kò ní sọ, á kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan jù nínú wọn, òun ni màá tẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́. Orúkọ àwọn dókítà eyín jáde wẹ́rẹ́.

Bó-Ṣe-Wá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ìyá mú ọjọ́ kan. Ó wá dúró. Ibí yìí ni awakọ̀ ti lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Alátàǹpàkò fi eyín di ahọ́n mú kó má baà wúkọ́ sápá ọ̀tún.

"Ó ti fi nǹkan pamọ́ síbí," ni ìyá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. "Ọmọ tí mo ń sọ yẹn, bó bá jí ṣúgà, ibì kan náà ló ń kó o sí: inú àpótí aṣọ, ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn bàtà. Ọdún mẹ́fà! Kò pa ibẹ̀ dà lọ́jọ́ kan. Èmi náà ò sì sọ fún un pé mo mọ̀, kó má baà wá ibòmíràn." Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó ti ojú ìwé sókè, ó wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ó tẹ àmì tín-ín-rín náà. Fóònù dún pin-in. Ó ti parí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ó ku kí ẹ pa ọjọ́ náà dà," ni Ẹ̀rí-Dà wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹni tó bá ṣe ìyẹn, kò ní dáhùn bí o bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Wàá dì í mú ni, wàá má jù ú sílẹ̀, títí á fi sọ̀rọ̀." Ó fi àtàǹpàkò di ọjọ́ náà mọ́lẹ̀. Kàlẹ́ńdà ṣí. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀, pẹ̀lú ìtàn ṣúgà.

Ìyá dá fóònù padà, ó ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀. "Mo mà rí awò ojú kan he lọ́nà. Bóyá ti ẹnì kan níbí ni."

Nígbà tó pẹ́, Alátàǹpàkò nawọ́ gbà á, ó fi sójú.

"Ó bá ọ mu gan-an," ni Bó-Ṣe-Wá wí.

"Orí mi ò yàtọ̀ sí ti àwọn ènìyàn," ni ó dáhùn.

Ẹ̀rí-Dà ti ṣí bírò rẹ̀ lórí ìwé ìfọwọ́sí. Ó tún dé e. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sin Màmá dé ìdí lífìtì. Ìwọ náà bọ̀, wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Àwọn mẹ́ta rìn dé ibẹ̀. Alátàǹpàkò ń rìn lẹ́yìn, inú rẹ̀ ń dùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀yìn kúrò lọ́dọ̀ ajá. Ọ̀gá na ọwọ́ pé kí àgbàlagbà tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀.

Ìyá na àtàǹpàkò ọ̀tún. Ó gbé e lé bọ́tìnnì náà pẹ̀lẹ́. Ó di ojú òsì, ó fi ti ọ̀tún wò ó, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀ ẹ́.

Ogójì ọdún ló fi wọn bọ́tìnnì báyìí kó tó la ihò fún un lára aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé òun ti fẹ̀yìn tì.

Lífìtì dé, ó ṣí, kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́, ó tún pa dé.

"Màmá," ni Ẹ̀rí-Dà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Ìyá ronú sí i. Kò fi ẹnu rẹ̀ purọ́ rí kó tó di òwúrọ̀ yẹn, méjì tó pa sì ti rẹ̀ ẹ́. "Ó ń tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe," ni ó wí.

Ẹ̀rí-Dà yíjú sí Alátàǹpàkò. "Ẹ̀rí rèé," ni ó wí.

Alátàǹpàkò dọ̀bálẹ̀. "Mà, ẹ dárí jì mí. Aago ló fẹ́ lù."

"Obìnrin yìí kò lo áàpù rẹ. Ọmọ rẹ̀ ló lò. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè rí bọ́tìnnì yẹn, àfi ẹni tó bá bí ọ. Kí ni ká wá ṣe fún ilé ìwòsàn? Ká ní kí gbogbo ẹni tí eyín ń dùn kọ́kọ́ wá gbé ilé yín?" Ó nawọ́ sí apá ibi tí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà.

"Ọ̀gá, ẹ dákun," ni ìyá wí. Ó bọ́ káàdì àlejò lọ́rùn. "Ó purọ́, mo bá a purọ́. Màá bá a sọ̀rọ̀ nílé, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá a padà sídìí fóònù, ara mi ni yóò yí sí, yóò máa tún bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ kò burú. Ibi tó ń kó o sí ni kò dáa. Ẹ jẹ́ kí n máa wò ó. Ohunkóhun tí mo bá rí ní kíá, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀: ó ti fi pamọ́ nìyẹn. Èyí tí mo bá wá tì níbi tó máa ń fi nǹkan pamọ́ sí, tí mo sì wá rí i níbi tí ojú ń wò, ìyẹn ni tàwọn ènìyàn."

Ẹ̀rí-Dà gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yí i wò. Ó jọ pé ó ń wá àléébù lára ọ̀rọ̀ náà, kò rí. "Ẹ̀ ń ṣeré ni, àbí ẹ lè máa wá?"

"Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀?" ni ìyá béèrè.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ sí ojú ọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan péré, pẹ̀lú ife tíì méjì, ìyá rí ohun mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ọmọ rẹ̀ kó pamọ́ sínú àpò náà, mọ́kàndínlógún nínú wọn ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ní kí wọ́n dá etí bọ́tìnnì padà, nítorí ihò bọ́tìnnì tí a kò ká létí yóò tú ni. Alátàǹpàkò jà fún òjìji, wọ́n bá a pín in sí méjì. Olùdánwò tòótọ́, tó ti ṣi ọjọ́ ka, dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó parí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sì sọ ìtàn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí-Dà fọwọ́ sí i. Bó-Ṣe-Wá ní òun ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò dára.

Alátàǹpàkò ṣì wà lórí àga tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ìyàtọ̀ kékeré kan ló wà: wọ́n dá ẹ̀ka ìdánwò sílẹ̀, wọ́n fi ìyá rẹ̀ ṣe olórí rẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ sábẹ́ ẹ̀ka náà. Wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ lọ, wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ bọ̀. Nínú lífìtì, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń wọn bọ́tìnnì, àgbà ló ń kọ́kọ́ wọ̀n. Àwọn ènìyàn ti ń gba àtẹ̀gùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó rẹ̀ ní kó tọrọ ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́, kí àwọn méjèèjì lọ sí ibì kan tí wọn kò ti ní gbọ́ ohùn màmá. Lórí áàpù ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀. Ó ṣí i. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ "Ìdí" sí lókè. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ẹ̀ka ìdánwò ti pàṣẹ pé kó di dandan, Alátàǹpàkò ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ wà nísàlẹ̀ àpótí náà, láàrin gbangba, ó tóbi, ó létí. Kò ní ṣiṣẹ́ bí àpótí bá ṣófo. Ẹni tí ìwé náà yóò sì lọ bá láti fọwọ́ sí i ni ìyá rẹ̀.

Ó ti fi àtàǹpàkò wọn bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀méje. Ẹ̀yin náà ẹ gbà á rò: kí ni ẹ̀ bá kọ síbẹ̀?